Ẹni Tó Jókòó sí Ìrù Bàálù

Ẹrẹ̀ ni Oníjígí kọ́kọ́ rí, kó tó rí ọkùnrin tó wà nínú rẹ̀. Ẹrẹ̀ dúdú, ẹrẹ̀ tútù, láti bàtà dé àyà, ó ń kán tótó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nù tán. Ojú nìkan ló mọ́ lára ọkùnrin náà, ojú ọ̀hún sì ń rẹ́rìn-ín. Ó gbá nǹkan kan tó fi táwẹ́ẹ̀lì wé mọ́ àyà bí ìgbà tí abiyamọ bá gbé ọmọ tuntun.

"Ẹ káàsán o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

"Kí lẹ ṣe?"

"Mo fẹ́ wọlé ni."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ bọ́ lẹ́nu Oníjígí, ó gbé e mì. Jígí ojú ni iṣẹ́ rẹ̀: ó ń yẹ ojú wò, ó ń gé jígí, ó ń fi í sínú férémù. Òun nìkan ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ládùúgbò, ìyẹn ni tọmọdé tàgbà fi ń pè é ní Oníjígí, títí orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun ìgbàgbé.

"Ẹ wọlé," ó ní, "ṣùgbọ́n ẹ má jókòó."

Ọkùnrin náà tú táwẹ́ẹ̀lì lórí tábìlì. Irin pẹlẹbẹ kan ló wà nínú rẹ̀, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ débi pé ó dà bí èèpo igi.

"Nọ́ḿbà wà lára ẹ̀. Ojú mi ò gbé e, ti ọ̀gá mi náà ò gbé e. Wọ́n ní ẹ ní jígí kan tó lè sọ eèrà di ewúrẹ́."

"Irọ́ ni wọ́n pa fún yín. Ológbò ló máa ń sọ ọ́ dà. Níbo lẹ ti rí irin yìí?"

"Nínú irà tó wà lẹ́yìn ìlú. Àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ fún páìpù omi ló kàn án, ni wọ́n bá pè wá. Bàálù ajubọ́ǹbù ni, ti ayé ogun. Ó wọlẹ̀ bí ìṣó."

Ọwọ́ Oníjígí dúró lórí irin náà.

Ìyá rẹ̀ àgbà, tó bí ìyá rẹ̀, kì í ṣe ará ìlú yẹn. Ogun ló gbé e débẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá péré lòun àti ọkọ rẹ̀ jọ gbé lẹ́yìn ìgbéyàwó kí wọ́n tó pe ọkọ padà sójú ogun. Ìdí ìbọn tó wà ní ìrù bàálù ni ọkọ ọ̀hún máa ń jókòó sí, tó ń wo ẹ̀yìn nígbà tí àwọn yòókù ń wo iwájú. Bàálù wọn jáde lọ́jọ́ kan, kò padà. Ìwé wá dé pé ìtòsí ìlú yìí ló já sí, pé wọn ò mọ ibi tí àwọn méjèèje inú rẹ̀ wọlẹ̀ sí. Ìyá àgbà gbé oyún tó wà níkùn rẹ̀, ó kó wá sí ìlú tí kò mọ ẹnì kan, ó gba yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí irà, ó jókòó. Ó ti di ọgọ́ta ọdún. Kò tíì kó kúrò.

Nọ́ḿbà bàálù náà wà nínú ìwé yẹn, mẹ́fà ni. Bí àwọn ìyá àgbà mìíràn ṣe ń kọ́ ọmọ-ọmọ wọn lórin, bẹ́ẹ̀ ni tirẹ̀ ṣe kọ́ ọ ní nọ́ḿbà: mẹ́rin, ọ̀kan, méje, méjì, mẹ́sàn-án, mẹ́ta.

Ó fa jígí ńlá náà wá, ó tẹ̀ ba irin. "Mẹ́rin," ó kà. "Ọ̀kan." Ó sún jígí náà mọ́ ọn sí i. "Méje. Mi ò rí mẹ́ta yòókù."

"Mẹ́ta yòókù la fẹ́," ọkùnrin náà ní. "Gbogbo bàálù tó bá jáde nílé iṣẹ́ yẹn ló fi mẹ́rin, ọ̀kan, méje bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹyọ kan ló já sínú irà yẹn."

"Ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Màá rẹ ẹ́ sínú òróró, màá máa fi búrọ́ọ̀ṣì họ ọ́ díẹ̀díẹ̀."

"Jẹ́jẹ́."

"Mo mọ̀ pé jẹ́jẹ́ ni. Mo mọ iṣẹ́ mi."

"Orúkọ mi ni mo sọ. Tẹ́ ẹ bá rí i kà, ẹ ní kí wọ́n pe Jẹ́jẹ́ fún yín."

"Iṣẹ́ wo lẹ wá ń ṣe gan-an, tí ẹrẹ̀ fi bò yín báyìí?"

"Bọ́ǹbù ni mo ń tú," ó dáhùn, bí ẹni ń sọ pé bàtà lòun ń rán.

Lọ́jọ́ kejì, Jẹ́jẹ́ ti dé. Ó ní òun ní kóun wo irin. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní òun ń kọjá lọ ni, bẹ́ẹ̀ irà wà ní ìlà-oòrùn, ṣọ́ọ̀bù wà ní ìwọ̀-oòrùn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, irọ́ tán lẹ́nu rẹ̀.

"Irin lẹ tún wá wò?" Oníjígí bi í.

"Irin ti sú mi."

"Kí wá lẹ wá wò?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọ ẹrẹ̀ kúrò lára, kí n tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀." Ó fa àga sún mọ́ tábìlì. "Oníjígí, títí dìgbà wo la máa fi máa pe ara wa ní 'ẹ' bí ẹni tó ń bá ọ̀gá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀?"

"Títí dìgbà tí mo bá mọ̀ yín."

"Kí ló kù tẹ́ ẹ ò tíì mọ̀?"

"Ojú yín. Ẹ jókòó sórí àga tó wà níbẹ̀ yẹn."

Ó fi páálí bo ojú rẹ̀ kan, ó gbé ìwé kékeré síwájú rẹ̀, ó ní kó máa kà. Ojú ọ̀tún kà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tó kan ti òsì, Jẹ́jẹ́ dákẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó tún dákẹ́.

"Ojú òsì rẹ ò ríran nítòsí," Oníjígí ní.

"O sọ pé 'rẹ'."

"Ojú rẹ ni mò ń bá ọ sọ!"

"Mo gbọ́. O sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ti Oníjígí ò pẹ́. Ó ti ń rò ó. "Bọ́ǹbù tó ò ń tú yẹn, ṣé kì í ṣe nítòsí lo ti ń wò ó?"

"Nítòsí ni. Bí imú sí ẹnu."

"Ẹ̀rù ò wá ń bà ọ́?"

"Ó ń bà mí. Ọjọ́ tí kò bá bà mí mọ́, ọjọ́ yẹn ni màá jókòó sílé." Ó sọ ọ́ láìrẹ́rìn-ín, ìyẹn gan-an ló sì mú Oníjígí lọ́kàn.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í gé jígí tí yóò bá ojú náà mu.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí Oníjígí ti sọ ìtàn bàbá àgbà rẹ̀ fún Jẹ́jẹ́, wọ́n jọ lọ sí itẹ́ òkú ìlú. Alámòójútó ibẹ̀, bàbá kan tí ikọ́ kì í jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán, gbé ìwé àkọsílẹ̀ ayé ogun sílẹ̀ fún wọn. Lábẹ́ ọjọ́ tí bàálù ọkọ ìyá àgbà já, ẹnì kan ti fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn: "Ọkùnrin kan. Ó já bọ́ láti òkè. A kò mọ orúkọ rẹ̀."

"Ọkùnrin márùn-ún," Jẹ́jẹ́ ní. "Méje ló máa ń wà nínú irú bàálù bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ tiwa ni, méjì ṣì kù."

Wọ́n dúró síwájú ibojì márààrún tí kò ní orúkọ. Koríko orí wọn rẹ́ dọ́gba. Oníjígí ò gbé ojú kúrò nílẹ̀. Ibẹ̀ ni Jẹ́jẹ́ ti kọ́kọ́ dì í lọ́wọ́ mú. Ọwọ́ náà gbóná, kò sì gbọ̀n.

"Ẹyinjú mi," ó ní, "má wo ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bá mi wo òkè díẹ̀."

Ìyá Oníjígí, nọ́ọ̀sì ni, ìfẹ̀yìntì ò jìnnà sí i mọ́. Lọ́jọ́ tí Oníjígí mú Jẹ́jẹ́ wọlé, inú Màmá dùn sí i. Ọkùnrin náà wẹ̀, ó mọ́, ó kí wọn dáadáa. Ìyá àgbà, tó jókòó sídìí fèrèsé rẹ̀, ní kó mú ọwọ́ wá, ó dì í mú pẹ́ bí ẹni ń wọn nǹkan. Gbogbo rẹ̀ ń lọ létòlétò, àfi ìgbà tí Màmá béèrè iṣẹ́.

Nígbà tó gbọ́ ọ, ó dìde dúró.

"Ọmọ mi," ó sọ fún Jẹ́jẹ́, "mi ò bá ẹ jà. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo ti wà ní wọ́ọ̀dù. Mo ti rí ohun tó ń kù lẹ́yìn nǹkan tó ò ń fọwọ́ kàn. O ò ní fẹ́ ọmọ mi."

"Màmá!" Oníjígí ké.

"Jẹ́ kí n parí ẹ̀. Inú ilé ẹni tó ń retí ni mo dàgbà sí. Tí ilẹ̀kùn bá dún, a ó fi oúnjẹ sílẹ̀. Tí bàtà bá dún lójú títì, ọ̀rọ̀ á dúró sẹ́nu. Nílé ìwé, wọ́n ní bàbá mi ò kú, pé ó bọ́ sílẹ̀ láti inú bàálù, ó rí obìnrin tó dára ju ìyá mi lọ, ó bá a lọ. Mi ò mọ èsì. Mo ti darúgbó, mi ò tíì mọ̀ ọ́n. Ìwọ wá fẹ́ kí ọmọ tèmi náà jókòó sí fèrèsé?"

Jẹ́jẹ́ kí wọn pé ó dàbọ̀, ó jáde. Ìyá àgbà fi ojú sìn ín láti fèrèsé títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, Oníjígí yọ irin nínú òróró, ó nù ún, ó gbé e sábẹ́ jígí. Ìpẹtà tó ti ń họ láti ọ̀sẹ̀ méjì ṣí bí èépá. Méjì. Mẹ́sàn-án. Mẹ́ta.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó jókòó sílẹ̀. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn, dùn débi pé ó fẹ́ sáré bọ́ sí títì. Ẹ̀yìn náà ló wá rántí ohun tí Jẹ́jẹ́ sọ fún un. Bọ́ǹbù méjì ló ṣì wà níkùn bàálù yẹn, wọn ò tíì bú.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ da táwẹ́ẹ̀lì bo irin náà tán ni Jẹ́jẹ́ wọlé.

"Ọ̀gá ti dá ọjọ́," ó ní. "Tó bá fi di Ọjọ́bọ̀ tí a ò mọ nọ́ḿbà, a ó fa wáyà sí i, gbogbo wa á jìnnà, a ó mú kó bú pọ̀ mọ́ irà. Kò sẹ́ni tó máa wọ ihò."

"Tẹ́ ẹ bá wá mọ nọ́ḿbà?"

"Òfin ni pé a ò gbọdọ̀ fi bọ́ǹbù fọ́ òkú ẹni tí a mọ ẹbí ẹ̀. Ẹnì kan á wọlẹ̀ lọ, á fọwọ́ yọ ìdáná tó ń mú bọ́ǹbù méjèèjì bú, kí wọ́n lè kó wọn jáde tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀."

"Ta lẹni yẹn?"

Jẹ́jẹ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Kí ni jígí rẹ wí?"

Irin wà lábẹ́ táwẹ́ẹ̀lì, kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ sí i. Oníjígí gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí ohùn ẹlòmíràn: "Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tán. Kò ṣeé kà."

Ìtura hàn lójú Jẹ́jẹ́, ó sì fẹ́ fi í pamọ́. Ó fẹnu kàn án níwájú orí, ó lọ.

Oníjígí ò lè jẹ, kò lè mu. Bó bá di ojú, á rí wáyà. Bó bá la ojú, á rí ibojì márùn-ún. Ìyá àgbà pè é nírọ̀lẹ́.

"Láti ọ̀sán ni oúnjẹ ti ń wò ọ́. Ta ló kú?"

"Kò tíì sẹ́ni tó kú, Ìyá àgbà."

"'Kò tíì' kẹ̀? Jókòó."

Ó jókòó, ó sọ gbogbo rẹ̀: nọ́ḿbà, bọ́ǹbù, Ọjọ́bọ̀, irọ́. Ìyá àgbà ń wo irà. Ó ní, "Jẹ́ kí wọ́n mú kó bú."

"Ìyá àgbà!"

"Ọkọ mi mọ̀ pé mo wá. Mo ti jókòó tì í tó. Mi ò ní fi alààyè wá òkú."

Màmá ni wọ́n rí lẹ́nu ọ̀nà, nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó dé. "Ó wà níbẹ̀?" ó béèrè.

"A ò mọ̀, Màmá. Bàálù wọn nìyẹn. Bóyá ó wà nínú ẹ̀, bóyá ó wà lára àwọn márùn-ún, bóyá…"

"Bóyá ó sá." Màmá yíjú sí ìyá rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé kò sá. Èmi ò mọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń gba ẹ̀gbẹ́ irà yẹn lọ síbi iṣẹ́, mi ò mọ̀ bóyá kí n kí i ni, àbí kí n tutọ́ sílẹ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún bí ẹni tí inú ń bí. "Ṣùgbọ́n má sọ fún ọmọkùnrin yẹn. Mo ní kó má fẹ́ ọ ni. Mi ò ní kó kú."

Báyìí ni àwọn àgbà méjèèjì ṣe fún un láyè láti dákẹ́. Àyè náà ò sì mú ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ rárá. Ẹ̀rù méjì ló ń bà á, ó wọn èkíní wo, ó wọn èkejì wo, kò rí èyí tó fúyẹ́ ju ìkejì lọ. Márùn-ún ló wà nílẹ̀ láìlórúkọ, wọ́n ní ẹbí níbìkan, àwọn ẹbí náà sì ti ń jókòó sí fèrèsé tiwọn. Nọ́ḿbà kan náà ló máa sọ gbogbo wọn lórúkọ.

Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́rú, ó gbé irin, ó gba ọ̀nà irà lọ.

Wọ́n ti fi okùn pupa yí ibẹ̀ ká. Jẹ́jẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gá, bàbá kúkúrú kan tí ìka mẹ́ta péré kù lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Oníjígí ò lè wá ọ̀rọ̀ dídùn. Ó na irin sí i. Jẹ́jẹ́ kà á.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti àná. Kó o tó wọlé."

"Mo bi ọ́, o sì ní kò ṣeé kà."

"Ẹ̀rù bà mí."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n tèmi ni ẹ̀rù yẹn. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó bá mi gbé e pamọ́." Ó fún Ọ̀gá ní irin náà, ó sì tẹ orí ba díẹ̀ fún Oníjígí bí ẹni ń kí àlejò. "Ẹ ṣeun, mà. Ẹ máa rọra rìn nínú ẹrẹ̀ yẹn."

'Ẹ'. Ká ní ó pariwo mọ́ ọn ni, ì bá sàn jù. Oníjígí yí padà, kò sì mọ bó ṣe dé ojú títì.

Ọ̀gá ló lé e bá. "Ọmọ mi, mo ti rí ẹni tó parọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ torí ìfẹ́," ó ní. "A ò ní mú kó bú mọ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta la máa wọ ihò. Inú ń bí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ló ní kí n wò ó bóyá wàá ṣubú."

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ àti àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, Oníjígí ò ṣí ṣọ́ọ̀bù fún ẹnikẹ́ni. Jígí ojú òsì yẹn ló ń dán, ó ń wọ̀n ọ́n, ó ń dán an. Lọ́sàn-án, ó lọ sí ilé tí àwọn atúbọ́ǹbù wọ̀ sí. Ó bá Jẹ́jẹ́ nínú yàrá, ìdáná bọ́ǹbù òfìfo kan wà níwájú rẹ̀, kò tóbi ju ife lọ, ó di ojú, ó ń tú u, ó ń dè é.

"Mi ò wá bẹ̀bẹ̀ pé kó o má wọ ihò," Oníjígí ní.

"Kí lo wá ṣe?"

"Jókòó dáadáa."

Ó fi jígí náà sí i lójú. Ó tẹ apá rẹ̀ sẹ́yìn etí, ó yọ ọ́, ó tún un tẹ̀, ó dá a padà. Ó fún un ní ìwé kékeré. "Kà á. Ìlà tó kéré jù."

Jẹ́jẹ́ kà á láìkọsẹ̀. Ó gbé ojú sókè. "Mò ń rí gbogbo ẹ̀. Mo rí i pé o ti sunkún."

"Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran."

Jẹ́jẹ́ gbé ìwé náà sílẹ̀. "Mo bínú sí ọ gan-an ni. Bẹ́ẹ̀, látìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó parọ́ rí kí n má bàa kú. Mi ò mọ èwo ni kí n mú nínú méjèèjì."

"Mú méjèèjì."

Ó fa ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Oníjígí, tí mo bá jáde, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Má fi 'tí' sí i."

"Nígbà tí mo bá jáde."

"Ìgbà yẹn ni kó o béèrè."

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n kó gbogbo ará àdúgbò tó wà nítòsí irà lọ sí gbọ̀ngàn ilé ìwé kan. Àga ọmọdé ló wà níbẹ̀, orúnkún àwọn àgbà sì kan àgbọ̀n. Oníjígí jókòó sáàárín ìyá rẹ̀ àti ìyá àgbà. Wọ́n ní kí Màmá wà pẹ̀lú àwọn nọ́ọ̀sì tó dúró lẹ́nu okùn, ó kọ̀. Ó ní òun ò fẹ́ kó jẹ́ òun ni wọ́n máa gbé e bá.

Aago mẹ́wàá lù. Aago mọ́kànlá. Oníjígí ń ka àlàfo tó wà láàárín pákó ilẹ̀. Ó ń rò ó pé, ó ti tẹ̀ mọ́ ọn báyìí. Ó ti fọwọ́ kàn án báyìí. Ṣé ọ̀rinrin ò ní bo jígí náà? Kí ló dé tí òun ò fi okùn sí i lẹ́yìn? Bó bá yọ̀ bọ́ ńkọ́? Àìfi-okùn-sí-i yìí di nǹkan ńlá lọ́kàn rẹ̀, ó fẹ́ dìde kó sáré lọ.

Nígbà tó kọjá aago méjì díẹ̀, ó dún.

Kì í ṣe ariwo ńlá. Gbì, bí ìgbà tí ẹnì kan bá gbá ilẹ̀kùn nílé kejì. Gíláàsì fèrèsé gbọ̀n. Ọmọ kan bú sẹ́kún. Oníjígí dìde, ó kọjú sí ilẹ̀kùn, Màmá sì gbá a mú látẹ̀yìn, ó dì í mọ́ àyà bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún méjì. Ìyá àgbà dijú.

Kò sẹ́ni tó wá sọ nǹkan kan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ogún. Ogójì.

Ìgbà yẹn ni ilẹ̀kùn ṣí, ẹrẹ̀ wọlé, ọkùnrin sì wà nínú ẹrẹ̀ náà. "Ó ti tán," Jẹ́jẹ́ ní. "Ẹ lè máa lọ sílé." Ó rí ojú wọn. "Kí ló ṣẹlẹ̀? Ìdáná méjèèjì la gbé lọ sókèèrè ká tó mú wọn bú. Ṣé wọn ò kéde fún yín ni?"

Wọ́n ti kéde. Ìhà kejì ìlú ni wọ́n ti kéde.

Oníjígí ò tíì gbẹ́sẹ̀ tí Màmá ti dé ọ̀dọ̀ Jẹ́jẹ́. "Ogójì ìṣẹ́jú!" ó kígbe mọ́ ọn. "O mọ ohun tí ogójì ìṣẹ́jú jẹ́? Mú ọwọ́ wá!" Ó gba ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ náà, ó ń ka ìka rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan bí nọ́ọ̀sì ṣe máa ń kà á fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wáyé, ọ̀kan, èjì, títí ó fi pé mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ló wá fa ọwọ́ Oníjígí, ó kì í bọ ti Jẹ́jẹ́.

Ọ̀gá wá sílé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Ó bọ́ fìlà, ó jókòó síwájú Ìyá àgbà, ó rọra sọ ọ́.

Wọ́n rí ọkọ rẹ̀ ní ìrù bàálù, lórí àga rẹ̀, orúkọ rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ lára irin tí àwọn sójà máa ń so. Ilẹ̀kùn ìrù ti tẹ̀, kò ṣeé ṣí. Àwọn márùn-ún bọ́ sílẹ̀, agboòrùn ńlá tó yẹ kó rọra gbé wọn sọ̀kalẹ̀ ò ṣí lásìkò. Wọn ò bá awakọ̀ bàálù lórí àga tirẹ̀. "Lẹ́yìn ilẹ̀kùn ìrù la ti rí i," Ọ̀gá ní. "Àáké wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ń gé ilẹ̀kùn yẹn."

Màmá fa àga sún mọ́ Ọ̀gá.

"Ṣé àmì wà lára ilẹ̀kùn náà nínú?" Màmá béèrè.

"Ó wà. Ti gìgísẹ̀ bàtà. Ó pọ̀."

"Ó fẹ́ jáde," Màmá ní. "Ẹ gbọ́, ìyá mi? Ó fẹ́ wálé."

Ìyá àgbà mi orí. "Mo mọ̀ pé ó fẹ́ wálé. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù láti gbogbo ọdún yìí wá kọ́ nìyẹn. Mò ń rò ó pé ó dá kú síbẹ̀ ni, láìsí ẹnì kan nítòsí." "Kò dá wà. Ẹ bá mi wá àwọn ará ilé awakọ̀ yẹn. Mo fẹ́ rí wọn kí n tó kú."

Wọ́n rí wọn. Nọ́ḿbà náà ló fi orúkọ méjèèje hàn, ẹbí mẹ́fà sì wá lọ́jọ́ ìsìnkú. Àbúrò awakọ̀, arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn, jókòó ti Ìyá àgbà, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú.

Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ ni Jẹ́jẹ́ wá tọrọ ọmọ. Kò ní bàbá mọ́, Ọ̀gá ló tẹ̀ lé e. Jẹ́jẹ́ kúnlẹ̀, ó ní bí Màmá bá ní kóun fi iṣẹ́ sílẹ̀, òun á fi í sílẹ̀.

"Ṣé mo ní kó o fi í sílẹ̀ ni?" Màmá ní. "Ìwọ lo gbé bàbá mi wálé." Ó yíjú sí Ọ̀gá. "Ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, sà. Kì í ṣe ikú ló ba ilé yìí jẹ́. Ikú, ọjọ́ kan ni. Àìmọ̀ ni. Nǹkan kan ṣoṣo ni mò ń tọrọ. Bí ohunkóhun bá ṣe é, ẹ má kọ lẹ́tà. Ẹ má rán ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ wá, lọ́jọ́ yẹn gan-an, kẹ́ ẹ sì sọ òótọ́ fún ọmọ mi."

Ọ̀gá dìde dúró kó tó dáhùn. "Kí n tó bọ́ bàtà mi, mà," ó ní.

Màmá ní kí Jẹ́jẹ́ dìde, pé ilẹ̀ tutù.

Jẹ́jẹ́ yíjú sí Oníjígí. "Mo ti jáde o," ó ní. "Mo wá béèrè."

"Béèrè nígbà náà. Gbogbo ilé ń gbọ́."

"Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ọ," Oníjígí ní, Ìyá àgbà sì rẹ́rìn-ín sókè láti ìdí fèrèsé bí ọmọdébìnrin.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó. Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ìpè dé láti ìlú kejì: wọ́n rí nǹkan lábẹ́ ilé kan. Oníjígí bá ọkọ rẹ̀ so okùn bàtà, ó tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró títí ọkọ̀ wọn fi lọ. Ẹ̀rù ń bà á. Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù.